Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí Kọ̀ǹpútà Àlòkù Ṣe Lè Wúlò fún Ọmọ Ilé Kéwú



  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ ṣàlàyé lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náháwù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíkíhì nìkan. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ó sì ní ibi tí ó ti kan fíkíhì. Ohun tí a fẹ́ kí ẹni tí ó bá kà á mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́, tí ó ń lọ́ra, tí a rò pé ó ti kú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò kú rárá. Ẹrù tí a dì lé e lórí ni ó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bí a bá sọ ẹrù náà kalẹ̀, tí a gbé èyí tí ó mọ níwọ̀n fún un, yóò dìde, yóò sì rìn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ó di ọdún 2015, wọ́n ti fi ìdánwò orí bébà sílẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà, ọmọ tí ó bá fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ìlọrin, bí ó tilẹ̀ ti há Kùráánì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iwájú kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí. Òótọ́ ni pé JAMB ti mú un rọrùn díẹ̀. Ọmọ lè fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò náà láìfi ọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P láti padà sí èyí tí ó kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti R láti padà sínú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ẹ̀rù yóò bà á, àkókò tí ó yẹ kí ó fi ronú ni yóò fi máa wá bọ́tìnì.

Ọmọ tí ó wà ní ìgboro Ìbàdàn lè rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nítòsí ilé rẹ̀. Ọmọ tiwa tí ó wà ní abúlé lọ́nà Ìjàyè àti Ìrókò ní Akínyẹlé, ní agbègbè Lálúpọn àti Ẹ̀jìókù ní Lágelú, ní Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá, tàbí ní ọ̀nà Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, owó mọ́tò nìkan ti tó láti dá a dúró. Ilé kéwú ni ó sún mọ́ ọn. Bí kò bá rí kọ̀ǹpútà ní ilé kéwú, ó ṣòro kí ó tó rí i níbòmíràn.

Ẹ ó rántí pé àwọn kọ̀ǹpútà kan wà nílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí àwọn ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn fi ṣe sàdáká. Àlòkù òkè-òkun ni wọ́n. Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, ìmọ̀ràn méjì ni ó jáde lórí wọn. Àwọn kan ní kí a tà wọ́n fún àwọn tí ń fi ọmọlańkẹ́ ra irin àlòkù kiri. Àwọn kan ní kí a pe ọmọkùnrin kan kí ó wá fi Windows tuntun tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí i, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni a fi fẹ́ sọ ìdí tí a kò fi fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, kí a sì ṣàlàyé ọ̀nà kẹta.

Ní ti ìmọ̀ràn kìíní, ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ìnákúnàá. Ohun tí ó ṣì lè ṣiṣẹ́, tí a wá sọ di irin, ìnákúnàá ni. Yàtọ̀ sí èyí, májèlé wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà, òjé wà lára rẹ̀. Àwọn tí ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sun wáyà rẹ̀ láti mú bàbà jáde, ń fa èéfín rẹ̀ símú, àwọn ọmọdé sì pọ̀ láàárín wọn. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network ṣe ìwádìí ní Èkó. Wọ́n ní bíi kọ̀ńténà 500 ni ó ń kó ẹ̀rọ àlòkù wọlé lóṣooṣù, àti pé bí ìdá 75 nínú 100 ẹrù náà ni kò ṣe é tà, tí kò sì ṣe é tún ṣe. Bí a bá wá rí èyí tí ó ṣì ṣe é lò nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ iyì rẹ̀.

Ní ti ìmọ̀ràn kejì, ọ̀rọ̀ fíkíhì ni. Àpéjọ àwọn onímọ̀ fíkíhì láti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pè ní Majma' al-Fiqh al-Islami, ṣe ìjókòó rẹ̀ karùn-ún ní ìlú Kuwait ní oṣù Kejìlá ọdún 1988. Nínú ìpinnu rẹ̀ kẹtàlélógójì, ó là á kalẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ nǹkan tàbí tí ó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ṣẹ́ríà dáàbò bò, kò sì tọ́ kí ẹlòmíràn rú u. Windows ní olówó. Ẹni tí ó já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí ó ń tà á kì í ṣe olówó rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe máa kọ́ ọmọ ní amánà láàárọ̀, kí a tún gbé e jókòó ní ọ̀sán sídìí ohun tí a kò gbà ní ọ̀nà tí ó tọ́? Bí a bá tilẹ̀ fi ti fíkíhì sílẹ̀, irú Windows bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà. Bákan náà ni kì í bá ẹ̀rọ àlòkù mu. Windows 11 ń fẹ́ RAM tí kò dín ní 4 GB àti ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Windows 10 tí ó fúyẹ́ jù ú lọ, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dá ìtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún gbogbo ènìyàn lórí rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀.

KÍ NI Ó Ń MÚ KỌ̀ǸPÚTÀ LỌ́RA?

Kí a tó sọ oògùn, ó yẹ kí a mọ àìsàn. Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú, ẹ mọ wàláà. A ó fi tàdáwà kọ súrà sí i, ọmọ yóò kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún kọ òmíràn. Wàláà kì í tọ́jú nǹkan pẹ́. Ohun tí a fẹ́ kí ó pẹ́, inú ìwé ni a ń kọ ọ́ sí, tí a ó gbé e sínú àpótí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà rí. Ó ní wàláà, òun ni wọ́n ń pè ní RAM. Orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ máa ń wà. Bí iná bá lọ, a ti fọ wàláà nìyẹn, ìdí nìyí tí ohun tí a kò tíì fi pamọ́ fi máa ń parẹ́. Ó sì ní àpótí ìwé, òun ni wọ́n ń pè ní hard disk. Ohun tí ó bá wà níbẹ̀, iná ìbáà lọ, kì í parẹ́.

Bí wàláà bá kéré, tí iṣẹ́ sì pọ̀, kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín wàláà àti àpótí. Yóò gbé díẹ̀ kúrò lórí wàláà lọ sínú àpótí, yóò kọ òmíràn, yóò tún padà lọ mú ti àkọ́kọ́. Àpótí àtijọ́ kì í yára ṣí. Ìyẹn ni ẹ fi máa ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn, tí ohun tí ẹ tẹ̀ kò sì dáhùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó kún orí wàláà náà? Bí ọmọ kan bá fi òdòdó àti ìlà aláràbarà ya gbogbo ojú wàláà rẹ̀, níbo ni yóò kọ súrà sí? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa nìyí. Àwòrán tí ń rìn, òjìji abẹ́ fèrèsé, ìròyìn ojú ọjọ́, àti oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́, ti gba orí wàláà kí ọmọ tó tẹ bọ́tìnì kìíní.

ÈTÒ ÌDARÍ TÍ A FI SÍLẸ̀ FÚN GBOGBO ÈNÌYÀN

Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ètò kan tí ń darí rẹ̀. Òun ni ó ń jí i, tí ń so kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti àpótí rẹ̀ pọ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan. Linux jẹ́ òmíràn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux, Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀, ó wà ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ti kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní GNU, láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn yóò ní ẹ̀tọ́ sí. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni a dà pọ̀ di ohun tí à ń lò lónìí.

Ẹ̀tọ́ wo ni? Ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti tú u wò kí a lè mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, láti dà á kọ fún ẹlòmíràn, àti láti tún un ṣe. Ẹni tí ó bá tún un ṣe, tí ó sì fẹ́ pín in, gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ kan náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbà á. Stallman kọ àdéhùn yìí sílẹ̀ ní ọdún 1989. Àwa tí a ti ilé kéwú jáde, irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Áfáà kì í ta ìmọ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ kí ó má lè kọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó fi kọ́ ọ, ó fẹ́ kí ó fi kọ́ni, kí ó sì máa dárúkọ ẹni tí ó ti gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí sánádì.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá da Linux kọ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn kò jalè. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún un ni. Ibi tí ọ̀ràn fíkíhì ti yanjú nìyẹn.

Oríṣiríṣi ni Linux, bí aṣọ kan náà tí télọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rán. Debian wà, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993. Ubuntu wà, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, tí ó sì kọ́ ọ lórí Debian. Èdè àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ South Africa ni ó ti mú orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Debian ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

OJÚDE TÍ Ó FÚYẸ́

Ohun tí ojú wa ń rí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn, ibi tí àwọn àwòrán kéékèèké wà tí a ń tẹ̀, ni wọ́n ń pè ní desktop. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ojúde. Ilé wà lẹ́yìn, ojúde wà níwájú. Ní ti Windows, ilé àti ojúde jẹ́ ọ̀kan, a kò lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ní ti Linux, wọ́n yàtọ̀. A lè pa ojúde kan tì, kí a fi òmíràn síbẹ̀, kí ilé má sì mọ̀ ọ́n lára. Èyí gan-an ni ó mú kí Linux wúlò fún ẹ̀rọ àlòkù.

Ojúde ńlá wà, bíi GNOME. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó lè gba bíi 1 GB lórí wàláà kí a tó ṣí ohunkóhun. Bí ẹ̀rọ kan bá ní 2 GB, ìdajì ti lọ nìyẹn. Ojúde kéékèèké sì wà. Xfce ni àgbà wọn. Olivier Fourdan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1996, eku ni wọ́n sì ya gẹ́gẹ́ bí àmì rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n gbọ́ òwe wa. LXDE tẹ̀lé e ní ọdún 2006. Ọmọ ilẹ̀ Taiwan kan, Hong Jen Yee, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti inú LXDE ni LXQt ti jáde ní ọdún 2014. Xfce máa ń gba bí ìdajì ohun tí GNOME ń gbà. LXDE àti LXQt lè má tó bẹ́ẹ̀ pàápàá.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ̀rọ tí ó ní 2 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba Xfce, nítorí pé ó rọrùn fún ọmọdé láti mọ̀. Èyí tí ó ní 1 GB, LXDE tàbí LXQt ni kí a fún un.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé nǹkan àjèjì ni èyí ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2007, ìjọba ilẹ̀ wa fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kéékèèké 17,000 tí Intel ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, Linux tí ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe ni wọ́n sì fẹ́ kí ó wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí ìròyìn jáde pé wọ́n yóò yọ ọ́, wọn yóò fi Windows síbẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí ọ̀gá Microsoft ìgbà náà, Steve Ballmer. Lẹ́yìn rẹ̀, àjọ USPF tí ń sanwó fún un ní Linux náà ni àwọn ṣì fẹ́. Àwọn ẹni ńlá ni ó ń jà lórí ohun tí yóò wà lójú kọ̀ǹpútà ọmọ wa. Lórí èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa ní ilé kéwú, àwa ni a ó yàn.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí ẹni tí yóò ṣe é tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní: Mọ ẹ̀rọ rẹ. Lórí Windows, fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ “This PC” tàbí “Computer”, kí o sì mú “Properties”. Yóò sọ iye RAM, yóò sì sọ bóyá 64-bit ni tàbí 32-bit. Debian 13 tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 kò ṣe é fi sórí ẹ̀rọ 32-bit mọ́. Debian 12 ti ọdún 2023 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè lò.

Èkejì: Kó ẹrù rẹ jáde. Ohunkóhun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà tí o fẹ́, ìbáà ṣe wáàsí, àwòrán tàbí ìwé èsì àwọn ọmọ, dà á kọ sórí fúláàṣì tàbí ẹ̀rọ mìíràn. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀kẹta: Gba Debian sílẹ̀ láti debian.org. Oríṣi méjì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní “live” tóbi, ṣùgbọ́n ojúde ti wà nínú rẹ̀, a lè fi í sínú ẹ̀rọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mú èyí tí ó ní Xfce tàbí LXQt lórúkọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní “netinst” kéré, kò tó 1 GB, ṣùgbọ́n yóò máa fa ìyókù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, “live” ni ó yẹ. Kí ẹnì kan gbà á sílẹ̀ ní ìgboro, kí gbogbo ilé kéwú sì dà á kọ láti ọwọ́ rẹ̀. Dátà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa yóò ná.

Ẹ̀kẹrin: Gbé e sórí fúláàṣì. Fúláàṣì 8 GB tó. Kì í ṣe kí a kàn dà á kọ bí a ti ń da orin kọ. A ó lo ètò kékeré kan bíi Rufus lórí Windows. Rántí pé ohun tí ó wà lórí fúláàṣì náà yóò parẹ́.

Ẹ̀karùn-ún: Pa ẹ̀rọ, ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, tàn án. Bí ó ti ń jí, tẹ bọ́tìnì tí yóò jẹ́ kí o yan fúláàṣì. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ni ó sábà máa ń jẹ́. Lórí HP, Esc tàbí F9 ni.

Ẹ̀kẹfà: Dán an wò kí o tó fi sí i. Dídára “live” ni pé ó lè ṣiṣẹ́ láti orí fúláàṣì láìfọwọ́ kan àpótí ẹ̀rọ. Wò ó bóyá máòsì ń rìn, bóyá ohùn ń jáde, bóyá Wi-Fi ń mú. Bí ohun gbogbo bá dára, ìgbà náà ni kí o tẹ “Install”.

Èkeje: Dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Yóò béèrè èdè. Yóò béèrè ibi tí o wà, mú Lagos, nítorí òun ni ó dúró fún aago Nàìjíríà. Yóò béèrè bóyá kí ó pa gbogbo àpótí rẹ́. Má ṣe dáhùn èyí bí o kò bá tíì ṣe iṣẹ́ èkejì. Yóò béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí. Kọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà sínú ìwé ní ọ́fíìsì, kí á má ba à wá a kiri bí olùkọ́ kan bá lọ.

Bí ó bá jẹ́ “netinst” ni o lò, ìbéèrè méjì kan wà tí ó yẹ kí o ṣọ́. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí “root”. Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí agbára ìdarí lè bọ́ sí ọwọ́ orúkọ tí o máa lò. Níkẹyìn, yóò kó orúkọ àwọn ojúde jáde. Yọ àmì kúrò lára GNOME, kí o sì fi sí Xfce, LXDE tàbí LXQt, ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹjọ: Bí ó bá parí, yóò ní kí o yọ fúláàṣì, kí o sì tún ẹ̀rọ tàn. Bisimillahi, ó ti di tìrẹ.

Bí ẹ̀rọ kan bá ti ní Debian tàbí Ubuntu tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ojúde rẹ̀ wúwo, kò sí ìdí láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. So ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Terminal, kí o sì kọ ìlà méjì yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o máa tẹ Enter lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan:

sudo apt update

sudo apt install xfce4

Ìlà kìíní ní kí ó lọ wo ohun tí ó wà lọ́jà. Ìlà kejì ní kí ó gbé Xfce wá. Bí o bá fẹ́ LXQt, kọ lxqt sí àyè xfce4. Bí ó bá béèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárín gdm3 àti lightdm, mú lightdm, òun ni ó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, jáde. Ní ibi tí ó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí, àmì kékeré kan wà níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, yan Xfce, kí o sì wọlé. Ojúde àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣí i, kò lè gba àyè lórí wàláà.

LÁRÚBÁWÁ ÀTI YORÙBÁ LÓRÍ RẸ̀

Ìbéèrè tí àwọn áfáà máa ń béèrè ni pé ṣé ó lè kọ Lárúbáwá? Ó lè kọ ọ́, ó sì lè kọ Yorùbá pẹ̀lú. Lórí Xfce, ṣí Settings, mú Keyboard, mú Layout. Yọ àmì kúrò níbi tí ó ti sọ “Use system defaults”, kí o sì tẹ Add. Ìwọ yóò rí Arabic níbẹ̀. Lábẹ́ Nàìjíríà, ìwọ yóò rí Yoruba, tí ó ní ẹ, ọ àti ṣ. Yan bọ́tìnì tí yóò máa gbé ọ láti èdè kan bọ́ sí òmíràn.

LibreOffice ni a fi ń kọ lẹ́tà àti ìwé ìdánwò, ó sì mọ bí a ti ń kọ̀wé láti ọ̀tún sí òsì. Bí a bá fẹ́ kí lẹ́tà Lárúbáwá náà lẹ́wà bíi ti ìwé àtijọ́, lẹ́tà kan wà tí ń jẹ́ Amiri. Khaled Hosny ni ó ṣe é, ní àfarawé lẹ́tà ilé-ìtẹ̀wé Bulaq ní Cairo. Ọ̀fẹ́ ni. Ìlà tí a ó kọ nìyí:

sudo apt install fonts-hosny-amiri

Fún àwọn ọmọ, Klavaro ń kọ́ wọn bí a ti ń fi ìka mẹ́wàá tẹ kíbọ́ọ̀dù láìwo ọwọ́. Tux Paint ń kọ́ àwọn kéékèèké bí a ti ń di máòsì mú. Bí a ti gba Amiri náà ni a ó gbà wọ́n:

sudo apt install klavaro tuxpaint

Ọmọ tí ó bá fi ìṣẹ́jú ogún sídìí Klavaro ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, kíbọ́ọ̀dù JAMB kò ní bà á lẹ́rù.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

A kò ní tàn yín jẹ. Ojúde fífúyẹ́ kò sọ arúgbó di ọmọ ogún ọdún. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ wúwo. Bí ọmọ bá ṣí fèrèsé Firefox márùn-ún lórí ẹ̀rọ 1 GB, yóò lọ́ra bí ó ti ń lọ́ra tẹ́lẹ̀. Kí a máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí agbára bá wà, kí a ra RAM àlòkù kún un láti 2 GB di 4 GB. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn lójú ẹsẹ̀.

Ètò tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan lè má ṣiṣẹ́ lórí Linux, nítorí náà àwọn ètò ìgbáradì JAMB tí wọ́n ń tà lórí CD lè kọ̀. Èyí tí ó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣiṣẹ́. Ìwé tí a bá fi Microsoft Word kọ yóò ṣí nínú LibreOffice, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ tí àpótí rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí tí iná ti jó nínú, Linux kò lè jí i. Kí ẹni tí ó mọṣẹ́ wò ó ná. Ní abúlé tí iná ti ṣọ̀wọ́n, laptop ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí kì í jẹ iná bíi kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Ohun kan tún kù. Kọ̀ǹpútà kò gba ipò áfáà, kò sì gba ipò wàláà. Ọmọ tí ó bá mọ Xfce tí kò mọ Fátíà, àìpé ni. Ohun tí a ń wá ni kí ọmọ wa má ṣe di ẹni ẹ̀yìn nínú ọ̀kan nítorí pé ó gbájú mọ́ èkejì.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó wà nílé yín tí ẹ kò lò mọ́, ẹ má ṣe gbé e jù sí ààtàn, ẹ gbé e wá sí ilé kéwú tí ó sún mọ́ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí tí ẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bí ẹ bá wá sílé ní ìsinmi, ẹ mú fúláàṣì 8 GB kan tí Debian wà lórí rẹ̀ dání, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn àbúrò yín. Kí wọ́n jókòó tì yín, kí wọ́n rí bí ẹ ti ń ṣe é, kí àwọn náà lè ṣe é fún ẹlòmíràn. Ìmọ̀ tí ènìyàn fi sílẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń lò, ẹ̀san rẹ̀ kì í dúró.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó ṣe iṣẹ́ wọn ní ìrọ̀rùn, kí Ó sì fi bárákà sí ohun kékeré tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.